Fáíbà Tó Já ní Dutsen Kura

Adéagbo ló fa wáyà fáíbà sí ọsibítù aládàáni kan ní Dutsen Kura, kí tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà lè jọ máa gba ọ̀nà kan. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní kó tú wáyà tẹlifóònù àtijọ́ dànù.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, sà. Bí fáíbà bá já, gbogbo wọn ló máa dákẹ́."

"Tú u, jàre."

Adéagbo tú u.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà gé fáíbà náà. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ń ya lára obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nọ́ọ̀sì Margaret gbé tẹlifóònù láti pe dókítà, kò dún. Dókítà sì ti pa fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó ń yẹ aláìsàn mìíràn wò ní ilé kejì nínú ọgbà ọsibítù. Margaret sáré lọ pè é. Kí wọ́n tó dé, obìnrin náà ti kú.

Adéagbo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú kòtò gọ́tà, ó ń so fáíbà, nígbà tí Mùstàphá, ọkọ olóògbé, gbé ọmọ jòjòló jáde.

"Sannu, mallam. Kí lẹ ń tún ṣe?"

"Tẹlifóònù ni."

"Èyí tí nọ́ọ̀sì gbé tí kò dún?"

"Òun ni."

Mùstàphá wo kòtò náà títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gá ní kí Adéagbo kọ ọ́ sínú ìwé ìjábọ̀ pé àwọn agbẹ́gọ́tà ló fa gbogbo rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó sì fi kún un pé òun tú wáyà àtijọ́, òun sì mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọ̀gá kà á tán, ó fà á ya.