Awọ Màlúù Lẹ́sẹ̀ Bàbá Ládépọ̀

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Mọ́ṣúdù Ládépọ̀ ní ọjà Bouaké, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire níbí, ọ̀rọ̀ barrage Djébonoua, níbi tí ọlọ́pàá ti ń yẹ ọkọ̀ wò lójú títì, ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Nígbà yẹn, ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò, ló gba ẹnu gbogbo ayé kan. Ọlọ́pàá dá ọkọ̀ èrò tí Bàbá wọ̀ dúró, wọ́n ní kí àwọn Anago, ìyẹn àwa Yorùbá, sọ̀kalẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí Ládépọ̀, ṣùgbọ́n Béoumi ni wọ́n bí òun sí, Bouaké ló sì ti ń ta abọ́ tánganran láti ìgbà èwe rẹ̀.

"Le vieux, carte de séjour, ìwé ìgbélùú rẹ dà?"

"Tèmi rèé, ọ̀gá." Bàbá fa ṣòkòtò sókè dé orúnkún. "Ẹsẹ̀ yìí ni kò ní. Awọ màlúù ilẹ̀ Faransé ló wà lójúgun rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún mi, ṣé kí ẹsẹ̀ dúró kí èmi máa lọ, àbí kí èmi dúró kí ẹsẹ̀ máa lọ?"

Ọlọ́pàá náà sáré pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ojúgun náà, ó rò ó díẹ̀.

"Tó bá rí koríko ńkọ́?"

"Ó máa ń yún mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí gbogbo èrò wọkọ̀, kí wọ́n máa lọ.

Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀ o. Ní ọdún tí wọ́n gé iye owó sẹfa sí ìdajì, tí nǹkan le koko, Bàbá ṣubú lórí mobilẹ́ẹ̀tì lọ́nà Diabo, páìpù èéfín rẹ̀ sì jó o lójúgun. Egbò náà kọ̀, kò jiná. Ó ń fẹ̀ sí i, ó ń ṣọyún. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan, ọmọ ẹ̀yà Baoulé, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní bí wọn ò bá tètè rí nǹkan fi bò ó, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Sèlíátù ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún.

"Kí lẹ fẹ́ fi bò ó?" ni Bàbá bi í.

"Awọ ẹlẹ́dẹ̀, Papa. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní."

"Astagfirulaahi! Ẹ ṣe é ní ewúrẹ́."

"A ò ní ti ewúrẹ́."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pàdé lórí àgbò."

"Papa, ibí yìí kì í ṣe ọjà!"

Ta ló máa sọ ìyẹn fún Bàbá Ládépọ̀? Ohun tó máa ń ṣe fún ọlọ́jà tó bá lágídí ló ṣe. Ó dìde, ó kọ̀yìn sí dókítà, ó ń tiro lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n pè é padà. Sèlíátù ní òun ò rí i kó rìn jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kúrò ní ìsọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú, ẹnikẹ́ni ò pè é.

"Ẹ padà wá," ni dókítà wí nígbẹ̀yìn. "Ọ̀rẹ́ mi kan fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi láti France. Awọ màlúù ni wọ́n fi ṣe é."

Bàbá ti yí padà kó tó sọ tán. "Ta ló dú u?"

Dókítà ò mọ ẹni tó dú u. Ni wọ́n bá lọ pe Alfa Tàjúdínì wá láti mọ́ṣáláṣí, pé kó wá ṣe bisimillah sí nǹkan náà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀. Ó funfun, ó fẹ́lẹ́ bí awọ tó máa ń wà nínú èèpo ẹyin. Alfa yí i wò síwá sẹ́yìn, ó ní òun ò rí màlúù kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun á ṣe é.

Nígbà tí ẹsẹ̀ jiná, Bàbá ní àfi kí àwọn ṣe fidáù fún màlúù náà, pé ẹni tó fi awọ rẹ̀ bo èèyàn láṣìírí kò yẹ ní ẹni à ń gbàgbé. Tàjúdínì fárígá, ó ní òun ò lè dárúkọ màlúù nínú àdúà láéláé. Mọ́sà tí wọ́n dín nítorí àdúà náà, ó jẹ ẹ́ dáadáa. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ò ti jẹ ẹran màlúù mọ́. Ó ní àna òun ni.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ló kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alaasari tán ni, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Tàjúdínì ló wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, ó wá jókòó ti Sèlíátù.

"Ìyá, mo wá awọ màlúù yẹn títí. Mo rí àpá lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ èèyàn ni mo rí."

Sèlíátù rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí kò ti sí níbẹ̀ mọ́. Dókítà sọ fún un pé ìbora lásán ni ti màlúù. Awọ tirẹ̀ ló hù wá lábẹ́ rẹ̀, ti màlúù sì yọ́ dànù. Bàbá ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí ló dé?"

"Ó ní bó bá jẹ́ awọ màlúù, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní kí ọkọ̀ máa lọ. Bó bá jẹ́ awọ Anago, wọn á tún béèrè káàdì."

Àárò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ gbogbo àwa tí a jókòó níbẹ̀ gidi ni. Ó ti fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gba ọ̀pọ̀ wa kọjá barrage, a kàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Sèlíátù fi etí ìborùn nu ojú. "Bẹ́ẹ̀, Bouaké níbí ni awọ yẹn ti hù," ló wí.

Ilẹ̀ Bouaké náà la sì sin ín sí.