Iṣu Kò Mọ Ọjọ́ Ìsinmi

Nílé Ìyá Ẹ̀rínọlá ní Titirou, àdúgbò kan ní ìlú Parakou, ẹnikẹ́ni kì í fẹnu kan iṣu tuntun kí ìyá tó tọ́ ọ wò, torí òun ni àgbà ilé. Ní Ṣábẹ̀ tí wọ́n ti bí i, bí iṣu bá ti gbó ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti sún ọdún iṣu sí àárín oṣù kẹjọ, lọ́jọ́ ìgòkè-ọ̀run Màríà, torí ìjọba fún wọn ní ìsinmi lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún yìí òjò tètè rọ̀, iṣu tètè gbó, iṣu sì kún ọjà Arzèkè lóṣù keje. Ìyá ra díẹ̀, ó dáná. Dáreolúwa, àkọ́bí rẹ̀, ti ibi iṣẹ́ dé bá a.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó di ọjọ́ Màríà!”

“Mo ń lọ sí mísà jù ọ́ lọ. Ṣé Màríà ló bá wa gbin iṣu ni?”

“Kí ni àwọn àbúrò mi máa wí?”

“Kí wọ́n máa wí. Jókòó, àbí kí n gbé tìrẹ fún ewúrẹ́?”

Ó bu iṣu, ó jẹ ẹ́. Dáreolúwa bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní kí wọ́n fi epo sí tòun.

Nígbà tí ọjọ́ Màríà pé, tí gbogbo ọmọ kóra jọ, ìrẹsì ni ìyá sè fún wọn. Ó ní àwọn ti jẹ ọdún iṣu tán lóṣù keje.