Àpótí Sípíkà Ta-Ló-Rí-I

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá. Sípíkà mẹ́rin nínú àpótí kan, ohùn tó sì jáde kò ju ti ẹ̀fọn inú ìgò lọ.

Ta-Ló-Rí-I, atúnkọ́kọ́rọ́ṣe, ló ṣe àpótí náà fún àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń ta gìtá. Ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin kan ń wá onígìtá, ó sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá ní àpótí sípíkà tirẹ̀ kò ní àyè lọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ dán onígìtá wò nínú gbọ̀ngàn. Ó fọwọ́ kan okùn. Ẹ̀fọn kùn. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wo onígìtá, onígìtá wo wáyà, Ta-Ló-Rí-I wo gbogbo wọn.

Ohun tó fà á kò jìnnà. Ẹni tó ta àwọn sípíkà náà ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ibi tí wáyà pupa yóò wọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta-Ló-Rí-I béèrè ohun tí ọkùnrin náà ń fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀. Ó fi abẹ fá gbogbo rẹ̀ kúrò, ó sì so wáyà bí ọkàn rẹ̀ ṣe sọ fún un. Báyìí ni sípíkà méjì ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síta, tí méjì yòókù ń fà á padà sínú. Wọ́n ń jẹ ohùn ara wọn ní àjẹtán.

Onígìtá ní kí wọ́n yọ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi kan wáyà sípíkà kọ̀ọ̀kan: èyí tí ojú rẹ̀ bá yọ síta, ó tọ̀nà, èyí tó bá wọlé, wọ́n so ó sódì. Ta-Ló-Rí-I kọ́kọ́ fẹ́ mọ ẹni tó ni bátìrì. Nígbà tó dán an wò fúnra rẹ̀, méjì yọ síta, méjì wọlé. Ó wo ẹ̀yìn àpótí.

"Ẹnìkan ti ṣí àpótí yìí," ó ní.

Àgádágodo mẹ́ta ló wà lẹ́yìn àpótí náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi wọ́n síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó bá wọn wá, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní, "Bàbá wọn, ọrùn yín ni kọ́kọ́rọ́ wà."

"Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ara mi."

Ó yí wáyà sípíkà méjèèjì tó wọlé padà, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Onígìtá tún fọwọ́ kan okùn. Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Ọ̀gá ẹgbẹ́ tó ti gbé báàgì kọ́ èjìká tún jókòó. Ó ní kí onígìtá máa bọ̀ ní gbogbo Sátidé tòun ti àpótí rẹ̀. Òun kò gba ọ̀kan láìsí èkejì. Ta-Ló-Rí-I ní ohùn náà ti dára jù, ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà nídìí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ti ṣe tẹ́lẹ̀ fún káfíńtà tó gé pákó àpótí yẹn. Ó fi téèpù tirẹ̀ wọn ohun tí káfíńtà ti wọ̀n. Iye kan náà ni. Ó fi téèpù káfíńtà wọn téèpù tirẹ̀. Wọn kò fi ìlà kan ju ara wọn lọ. Ó wá bi káfíńtà léèrè ibi tó ti ra tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan náà ni àwọn méjèèjì ti rà á.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Ta-Ló-Rí-I wí. "Wọ́n ti jọ gbìmọ̀ pọ̀."

Láti ọjọ́ gbọ̀ngàn yẹn, gbogbo Sátidé ló ń tẹ̀ lé àpótí náà lọ síbi iṣẹ́, á sì jókòó tì í. Bí ẹnìkan bá yin ohùn rẹ̀, á fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn sí i. Àwọn tó ń fi ohùn yẹn jó ń pè é ní wèrè. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá a gbé e rí.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, dókítà bi í léèrè ibi tó ń dùn ún. Ó ní kí dókítà kọ́kọ́ sọ ẹni tó rán an wá.

Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, nígbà tí gbogbo ilé wà ní itẹ́ òkú, ẹnìkan wọlé, ó gbé àpótí náà lọ tàgádágodo-tàgádágodo. Nígbà tí wọ́n dé, àmì ẹsẹ̀ àpótí nìkan ló kù lórí ilẹ̀ pálọ̀. Àwọn ará ilé ń wo ọwọ́ ara wọn. Ìyàwó Ta-Ló-Rí-I tẹjú mọ́ ibẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Inú rẹ̀ ì bá dùn lónìí," ó ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń retí olè yìí."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín dúró, omi náà kò dúró.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ ti ní bí kò bá sí àpótí ní Sátidé tó ń bọ̀, òun yóò mú onígìtá mìíràn. Ẹni tó gbé e mọ wákàtí tí ilé yóò ṣófo. Kì í ṣe àjèjì. Bó bá jẹ́ ìwọ tó ń ka èyí ni, gbé e padà kí Sátidé tó dé. Má sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.