Àbùbákàr Atukọ̀ àti Ọmọ Tí Yóò Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Ní òkè lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀ kiri bí adìẹ, ọmọ tí wọ́n bá bí sójú ọ̀nà, Abíọ́nà ni. Ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n létí omi níhìn-ín, láti Ugbonla títí dé ẹ̀yìn Etikan, omi ni ọ̀nà, ọ̀nà ọ̀hún sì ní ẹni tó ni ín. Atukọ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n bá bí sínú ọkọ̀, orúkọ ẹni tó ń tu ọkọ̀ náà ni yóò jẹ́. Àṣà yìí ti wà kí òkun tó ní iyọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé òun ò gbọ́ ọ rí, bi í léèrè ibi tí wọ́n ti bí i. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò pè.

Àṣà yìí ni kò jẹ́ kí Àbùbákàr sùn.

Atukọ̀ ni Àbùbákàr ní Ugbonla, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, bó bá sì wúkọ́ ní èbúté, ẹyẹ á fò lórí igi ní Ode Mahin. Alùfáà ló sọ ọ́ lórúkọ, ó ní ọ̀rẹ́ tí kì í fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Àbùbákàr ní gbogbo èbúté náà, èyí sì máa ń dùn mọ́ ọn nígbà èwe. Ìgbà tí ewú hù lórí rẹ̀ ló wá yé e pé orúkọ tí ẹnìkan ṣoṣo ń jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá sin ẹni náà ni wọ́n máa sin ín.

Ṣé kò bímọ ni? Ó bímọ. Àmọ́ nígbà tí Faiz, Juwairiyyah àti Rekiyat wọ ilé ìwé, tí olùkọ́ bi wọ́n ní orúkọ ìdílé, Olówòkéré ni wọ́n pè. Bàbá bàbá Àbùbákàr ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó fi ọwọ́ òsì nìkan fa àbùùbùtán jáde nínú òkun, tí ìrù ẹja náà fi wó ilé mẹ́ta kó tó kú. Ta ni yóò bá irú òkú bẹ́ẹ̀ du orúkọ? A kì í sì í fi orúkọ ara ẹni sọ ọmọ ẹni. Àbùbákàr wá gbójú lé ọmọ ọmọ. Faiz bí ọkùnrin, bàbá àgbà ti wọ aṣọ funfun, ó ti fín lọ́fìńdà sára, ni Faiz bá ní Muzammil lòun fẹ́.

"Muzammil?"

"Ó dùn lẹ́nu ni, Bàbá."

"Tèmi wá korò?"

Inú ọkọ̀ nìkan ni ìrètí kù sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Godspower, tó ń wa ọkọ̀ eléré ní èbúté kan náà, ti rí tirẹ̀ gbà níbẹ̀. Godspower kéékèèké ti pọ̀ létí omi débi pé bí ìyá kan bá ké pé, "Godspower, wá jẹun!", ìdajì àdúgbò á fọwọ́.

"Bàbá Faiz," ni Godspower máa ń wí, "ṣé kí n yá yín lọ́kan nínú tèmi?"

"Ta ló bí wọn? Ọkọ̀ rẹ ló gbọn àwọn yẹn jáde, bí ẹni ń gbọn igi àgbálùmọ̀."

Ní ti Àbùbákàr, sùúrù ni ọmọ ń fẹ́. Bí aboyún bá ti wọ ọkọ̀ rẹ̀, á rẹ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, á máa lọ bí ẹni ru ẹyin. Síbẹ̀, pàbó ni. Obìnrin kan tilẹ̀ fò sórí èbúté kí ọkọ̀ tó kan igi, ó bí tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Moríkẹ́, ìyàwó Kingsley tó ń kan ọkọ̀ ní òdìkejì odò, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Godspower ti kó àwọn ará ìjọ lọ sí Ode Mahin, nítorí náà, Àbùbákàr ni wọ́n sáré pè. Kingsley gbé ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ kí wọ́n lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Àrìnpé, ìyá Kingsley, tẹ̀ lé wọn, Láídì, ìyàwó Àbùbákàr, sì jókòó síwájú láti ṣèrànwọ́.

Àbùbákàr rẹ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀.

"Bàbá Faiz, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré!" ni Moríkẹ́ ń ké.

"Rọra, ọmọ mi. Omi ò fẹ́ eré lónìí."

"Omi wo?" ni Kingsley bi í. "Omi tó dákẹ́ bí ọbẹ̀ àná yìí?"

Láídì yíjú padà, ó wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Faiz, mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Bí ẹ ò bá tẹ ẹ́ńjìnnì yẹn, èmi àti ẹ̀yin ò ní jọ jẹ pùpùrú nínú àwo kan mọ́ láyé."

Àbùbákàr tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ fò sókè, ó sì kó wọnú koríko ojú omi tó tẹ́ lọ bí pápá. Koríko lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ ti gbó, kò ṣe é gbé sókè mọ́. Àfi kí ènìyàn wọ omi lọ bá a. Àbùbákàr fa ọ̀bẹ yọ, ó bẹ́ sómi, omi dé e láyà, ó ń gé koríko, inú rẹ̀ sì ń dùn ju bó ti yẹ lọ.

Ìṣàn omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ lọ sínú igi ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò sómi létí odò. Láídì kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbá àjẹ̀ mú, ó lọ sí ìdí ọkọ̀, ó ń tù ú padà sójú omi. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ké.

"Ọkùnrin ni!" ni Àrìnpé wí.

"Àbùbákàr!" Atukọ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè nínú omi, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kan, koríko lórí. "Àbùbákàr, káàbọ̀!"

Àrìnpé ti di ọmọ náà sínú gèlè rẹ̀. Ó wo ìdí ọkọ̀, ó wo inú omi. "Ta ló ń tukọ̀?"

Àjẹ̀ ń kán omi tó-tó-tó lọ́wọ́ Láídì.

"Èmi ni mo ni ọkọ̀!" ni Àbùbákàr wí.

"A ò béèrè ẹni tó ni ín. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó di àjẹ̀ mú, òun ni atukọ̀. Ẹni tó wà nínú omi, ẹja ni."

Títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni Àbùbákàr fi ń tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ kiri. Bó ń yan ẹja, ó ń bá a fẹ́ná. Bó ń pọnmi, ó ń bá a gbé kèrègbè.

"Ìyá Faiz, ọmọkùnrin ni o. Ọkùnrin ò ṣe é pè ní Láídì."

"Kí ló yẹ kó jẹ́?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá tọrọ tèmi, mi ò ní fi dù ọ́."

Láídì kàn ń yí ẹja padà.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ilé Kingsley kún débi pé àwọn òpó tó gbé e dúró nínú omi ń ké. Àbùbákàr wà níwájú, ẹnu rẹ̀ ti là sílẹ̀ láti dáhùn. Alàgbà ìjọ gbé ọmọ sókè, ó ní kí ẹni tó tukọ̀ wá pe orúkọ.

Láídì dìde. "Lọ́wọ́ àwọn Haúsá tó ń wá ra ẹja gbígbẹ ni bàbá mi ti gbọ́ Láídì, pé obìnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Àìkú ló ń jẹ́ ẹ. Ó dùn mọ́ ọn, ó fi sọ mí. Ọjọ́ tí mo bí Faiz ni gbogbo yín gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyá Faiz lọ́jà, Ìyá Faiz létí omi, Ìyá Faiz lórí ẹní. Ọkọ mi ń bẹ̀rù pé bí òun bá kú, orúkọ òun á kú. Tèmi kú lójú mi báyìí, kò sì sẹ́ni tó kí mi kú ará fẹ́ra kù."

Ó gba ọmọ lọ́wọ́ alàgbà.

"Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí ọmọ yìí. Èmi ni mo tu ọkọ̀ rẹ̀. Láídì ni."

"Ọkùnrin, mà?" ni Kingsley wí, bí ẹni tí eegun ẹja gún lọ́nà ọ̀fun.

"Ọkùnrin. Yóò gbéyàwó, yóò bímọ, bí olùkọ́ bá bi àwọn ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ìdílé, Láídì ni wọ́n á pè, títí ayé."

"Láídì àkọ́kọ́ tó máa hu irùngbọ̀n!" ni Godspower wí, ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn òbí fi Tolúlọpẹ́ kún un fún ọlá ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó rántí ìyẹn mọ́.

Àbùbákàr kò bá ẹnikẹ́ni jẹun. Ó wa ìyàwó rẹ̀ lọ sílé, ó ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ níwájú ọkọ̀. Ó gbìyànjú láti rántí ìgbà tó pe orúkọ obìnrin náà kẹ́yìn. Ó wá a lọ sẹ́yìn, ó kọjá Rekiyat, ó kọjá Juwairiyyah, ó dé ọ̀dọ̀ Faiz, kò rí i.

"Láídì," ló wí.

Obìnrin náà kò tètè yíjú. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó na ẹsẹ̀, ó jẹ́ kí ọkọ̀ lọ díẹ̀ sí i.

"Èwo nínú wa?"