Ọjọ́ tí Baálẹ̀ Fọwọ́ Lójú Ìlú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń wẹ̀ fún ọmọ-ọmọ mi lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkòròdú, ni òórùn ọṣẹ dúdú bá gbé mi padà sí Èjìnrìn, sí ilé ìyá ìyá mi, níbi tí mo ti gbé láti ìgbà tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká.

Omi tó ṣeé mu jìnnà sí wa nígbà náà. Ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́ ni kànga wà, àwa ọmọbìnrin la sì máa ń lọ pọn ọ́n láàárọ̀ kùtù. Ìrì á rẹ wá dé orúnkún, a ó máa ta ara wa lómi bọ̀, garawa tó kún á sì ku àbọ̀ kó tó délé. Ìyá àgbà á yọjú wo inú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé ọ̀nà lẹ̀ ń bu omi fún ni?"

Lọ́dún kan, ẹnjiníà kan dé láti káńsù. Ó ní Èkó kọ́ ni yóò máa yan nǹkan fún wa mọ́. Kí ìlú fúnra rẹ̀ tọ́ka ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga tuntun sí. Kànga kan ṣoṣo ni o. Àwọn bàbá jókòó, wọ́n yan iwájú ilé Baálẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àlejò yóò ti máa rí i. Àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn.

"Ṣé gbogbo ìlú ló fẹnu kò?" ni ẹnjiníà bèèrè.

"Gbogbo ìlú ni," ni Baálẹ̀ dáhùn.

Ìyá àgbà, tí wọ́n ti ń yan ẹja tà láti ìgbà ọmọge, tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé. "Baálẹ̀, ẹ má bínú. Ọṣẹ kì í hó nínú omi ibẹ̀ yẹn. Ìdí igi àgbálùmọ̀ ló dáa."

Ọkùnrin kan kùn pé kí ló kan ẹlẹ́ja nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Ìyá àgbà kò bá a jiyàn. Wọ́n rán èmi àti Sídí ọ̀rẹ́ mi pé ká bu omi wá: garawa kan láti inú ihò tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Baálẹ̀, ìkejì láti inú ihò kékeré tí omi ti ń sun díẹ̀díẹ̀ nídìí àgbálùmọ̀. Wọ́n wá kúnlẹ̀, wọ́n na ọṣẹ sí Baálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́."

Baálẹ̀ fọ̀ ọ́ nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n ra á títí, ọṣẹ kàn ṣù bíi wàrà ni. Nínú ìkejì, ìfóófòó bo ọwọ́ wọn dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n wo ọwọ́ náà pẹ́. A ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Àfi bí àwọn fúnra wọn ṣe bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Múlíkà," ni wọ́n fi orúkọ ìyá mi pe ìyá àgbà, "ọṣẹ ti jẹ́rìí yín."

Ìdí àgbálùmọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, kọ́kọ́rọ́ ìdérí rẹ̀ sì di tàwọn obìnrin. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, omi náà kò yí padà. Àwa ọmọ wá ń sùn títí oòrùn fi ń là, eré ojú ọ̀nà nìkan la pàdánù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ omi ti pọ̀ ní Èjìnrìn báyìí, kò sọ́mọ tó ń fẹsẹ̀ gbá ìrì mọ́. Sídí náà ti lọ, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Ṣùgbọ́n mo bá wọn ṣèpàdé níbẹ̀ lọ́dún yìí, lórí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ là dé etí ọ̀sà. Àwọn obìnrin ló wà lórí àga iwájú. Kí ẹnikẹ́ni tó fàlà sórí ìwé, àwọn tó fẹ́ la ọ̀nà náà kọ́kọ́ bi àwọn obìnrin léèrè ibi tí omi máa ń dé lójò. Àwọn obìnrin sọ ọ́, àwọn tó fẹ́ la ọ̀nà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá.