Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Bàbá Mi Ló Kọ̀, Bíréèkì Ni

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ bàbá mi lójú gbogbo agboolé, nítorí ohun tí bàbá mi kò ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti yí orúkọ mẹkáníìkì inú ọ̀rọ̀ yìí padà, n kò sì ní dárúkọ agboolé wa. Ẹni tó bá mọ̀ wá, ó mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n n kò ní bo ohun tí wọ́n ṣe mọ́lẹ̀. Tíṣà fisíìsì ni mí, ohun tí mo bá rí ẹ̀rí rẹ̀ ni mo máa ń kọ sílẹ̀.

Bàbá mi ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Fìlà ni wọ́n ń rán ní Ọjà'ba kí ojú wọn tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní mọ́tò sàlúùn kan, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ti rà kí wọ́n tó bí mi. Mi ò sì kéré o, èmi náà ti ń fi awò kàwé. Mọ́tò yẹn ni Bàbá fi gbé ìyá mi lọ bí mi ní ọsibítù Yemetu. Òun náà ni wọ́n ń gbé lọ sí Jímọ̀ títí di ọdún yìí.

Ohun tí mọ́tò náà jẹ́ fún Bàbá ni pé wọn kì í bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó jáde nílé wa ní Bẹyẹrunkà. Tí ara ọ̀rẹ́ wọn kò bá yá ní Òkè Pádrè, wọ́n á wa ara wọn lọ. Tí wọ́n bá túfọ̀ ẹnì kan ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti débẹ̀ kí wọ́n tó sin òkú. Ẹ̀yin tí bàbá yín ti dàgbà, ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń sọ?

Bíréèkì ni ìṣòro rẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ohunkóhun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, agbára awakọ̀ nìkan ni. Orúnkún ọ̀tún Bàbá sì ti ń dùn wọ́n láti bí ọdún mẹ́ta. Dókítà ní kí wọ́n má fi ipá tẹ nǹkan mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí wọ́n kúkú ta mọ́tò. Bàbá kàn dìde, wọ́n lọ ń nu gíláàsì rẹ̀.

Èmi ni mo mú ìmọ̀ràn wá. Mo kà á pé èèyàn lè fi ẹ̀rọ hydraulic kan sí mọ́tò àtijọ́, tí yóò máa bá awakọ̀ tẹ bíréèkì. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Páǹpù kan á wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń ti òróró. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan pẹ́dà, òróró yẹn ni yóò tẹ ìyókù. Ẹni tí orúnkún ń dùn á kàn fi ẹsẹ̀ bà á ni.

Mufú ni a gbé iṣẹ́ náà fún. Ọmọ agboolé wa ni, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lẹ́bàá Bẹẹrẹ. Bàbá ló fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, Bàbá ló sì dúró bí òbí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣe fìrídọ́ọ̀mù. Ó mọṣẹ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọ̀lẹ ni mò ń bá jà.

Ó yọ páǹpù lára mọ́tò tòkúnbọ̀ kan, ó gbé e sí ti Bàbá, ó wá bẹ́líìtì tó bá a mu, ó de gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ló kù, họ́ọ̀sì tó ń gbé òróró láti ara páǹpù lọ sínú ẹ̀rọ náà. Èyí tí wọ́n fi wáyà hun nínú ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, torí pé agbára tó ń gba ibẹ̀ kọjá kì í ṣe kékeré. A ti ní kí wọ́n bá wa wá a ní Èkó. Kí ó tó dé, Mufú fi họ́ọ̀sì epo bẹntiróòlù lásán síbẹ̀, ó fi kílíìpù dè é lórí méjèèjì, kí ó lè máa sún mọ́tò síwá sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù. Fún inú ṣọ́ọ̀bù, kò burú.

Àfi bí Bàbá ṣe yọ sí i lọ́jọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn.

Mufú ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Bàbá jókòó sídìí ọkọ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà. Mufú sọ fún mi pé ẹ̀rín tí Bàbá rín lọ́jọ́ náà, òun ò rí irú rẹ̀ rí.

“Mufú, ó mà ti rọ̀ bíi búrẹ́dì. Má pa á mọ́. Mo fẹ́ gbé e lọ Jímọ̀.”

Ẹ dúró níbí kí ẹ wò ó. Kí ló yẹ kí Mufú sọ? “Bàbá, kò tíì pé.” Gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ilé wa. Ta ló ń wo ojú ẹni tó tó bàbá bí i, kí ó ní rárá? Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ fún àgbà, ọmọ àgbà náà ló ń wá lọ. Ohun tí Mufú sì ṣe nìyẹn. Ó bu omi tútù fún Bàbá, ó ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó pè mí.

Mo wà ní kíláàsì. Fóònù wà nínú báàgì, mo ti pa ohùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Mufú pè. Nígbà tí kò gbọ́ mi, ó fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́: “Àǹtí Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Bàbá. Wọ́n fẹ́ gbé mọ́tò, họ́ọ̀sì yẹn ò sì tíì dé. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ wí i fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí.”

Ohùn náà ṣì wà lórí fóònù mi. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ló wọlé. Aago kan ti kọjá kí n tó gbọ́ ọ. Ibi tí èmi náà ti jẹ̀bi nìyẹn, mo sì ti bẹ Bàbá.

Bàbá mu omi tán, wọ́n ní Jímọ̀ ń lọ. Mufú kò rí mi, kò sì rí ẹlòmíì. Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn. Ohun tó sọ ni pé, “Ẹ rọra o, Bàbá.” Ta ni a kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún tó bá ń lọ?

Láti Bẹẹrẹ gun òkè Mápó, kò sí wàhálà. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba ni họ́ọ̀sì ti bẹ́. Bàbá tẹ bíréèkì, ó gbà. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó le bí ògiri. Ó tilẹ̀ le ju ti àtijọ́ lọ, torí pé irú ẹ̀rọ yẹn, tí kò bá ti rí òróró mọ́, ńṣe ló ń di ẹrù fún ẹsẹ̀.

Èrò Jímọ̀ wà lójú títì níwájú. Bàbá fa bíréèkì ọwọ́, wọ́n tẹ fèrè mọ́lẹ̀, wọ́n yí mọ́tò sọ́wọ́ òsì, wọ́n sì kó o wọ inú òkìtì yanrìn tó wà níwájú ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ó gbá agboòrùn ìyá kan tó ń ta omi tútù dànù, ó sì dúró. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ìyá olómi ò fara pa. Egungun èjìká Bàbá ló sán. Ẹni tí ẹsẹ̀ àti orí rẹ̀ ti kú, ṣé ó lè ṣe gbogbo ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀?

Lọ́jọ́ Àìkú, Mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé wa, pe ìpàdé. Bàbá jókòó pẹ̀lú aṣọ tí dókítà fi gbé apá wọn kọ́ ọrùn.

“Alhaji, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bọ́,” Mọ́gàjí ní. “Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ẹ ò tẹ bíréèkì yẹn. Ẹsẹ̀ ò gbé e.”

“Mo tẹ̀ ẹ́,” Bàbá dáhùn. “Ó gbà fún mi lẹ́ẹ̀kíní, ó gbà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tẹ ògiri.”

Àbúrò Mọ́gàjí ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Ẹsẹ̀ tó jẹ́ ìpè lẹ́ẹ̀mejì, tó sùn lẹ́ẹ̀kẹta. Ọjọ́ orí nìyẹn, Alhaji. Ẹ tiẹ̀ ń gbádùn, tèmi ò jẹ́ ìpè lẹ́ẹ̀kan mọ́.”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rín díẹ̀, irú èyí téèyàn ń rín kí ojú má baà ti òun tán.

Mufú lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo dìde, mo ní ohùn Mufú wà lórí fóònù mi tí mo fẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Mọ́gàjí nawọ́ sí mi. “Tíṣà, jókòó. A kì í dójú ti ọmọ ilé láàárín èrò.”

Kò dójú ti ọmọ ilé. Àgbà ilé ló dójú tì. Wọ́n ní kí Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ wá. Bàbá fi ọwọ́ kan yọ ọ́ lápò, ó pẹ́ kí ó tó jáde, wọ́n sì gbé e lé Mọ́gàjí lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mufú, níbi tí wọ́n wọ́ mọ́tò lọ. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Họ́ọ̀sì náà ti ya ní gígùn, ó tó ìka mi kan, òróró sì ti ta sí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì.

“Mufú, kí nìyí?”

“Àǹtí, ẹ ti mọ̀ ọ́n.”

“Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lánàá?”

“Tí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì bá gbọ́, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Ẹ̀rù bà mí.”

“Lọ́jọ́ Jímọ̀ ńkọ́? Ṣé o ò lè yọ bátìrì rẹ̀ ni?”

Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. “Kí n yọ bátìrì mọ́tò Bàbá lójú Bàbá? Àǹtí, ẹ̀yin lè ṣe é?”

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun kan. Ìgò kékeré kan wà lára ẹ̀rọ yẹn tó máa ń fi agbára pamọ́, kí ó lè jẹ́ pé bí òróró bá lọ lójijì, awakọ̀ ṣì máa rí ìrànwọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán. Bàbá ò mọ̀ pé ìgò kankan wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Síbẹ̀, ohun tí Bàbá sọ nípàdé bá ìgò yẹn mu géérégé. Ẹ̀rí ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún ilé. Ilé fi ṣe àwàdà.

Mo mú họ́ọ̀sì tó ya náà tọ Mọ́gàjí lọ, mo ṣàlàyé ohun gbogbo. Wọ́n yí i wò síwá sẹ́yìn.

“Mo gbà ẹ́ gbọ́,” ni Mọ́gàjí wí.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀. “Ṣùgbọ́n Mufú níyàwó, ó bí ọmọ mẹ́rin, ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ń jẹ. Alhaji ti dàgbà. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi mọ́tò ṣe? Jẹ́ kí àgbà gbà á fún ọmọdé.”

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, wọ́n ní, “Má gbé e káàkiri. Ọmọ mi ni Mufú.”

Họ́ọ̀sì tó yẹ ti dé láti ìgbà náà. Mufú ti fi sí i. Mọ́gàjí yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́ fún mi láti fi dán an wò kí wọ́n tó gbà á padà, èmi fúnra mi wà á sọ̀kalẹ̀ láti Mápó, pẹ́dà rọ̀, mọ́tò dúró níbi tí mo ní kí ó dúró. Inú agboolé ló wà báyìí. Bàbá máa ń wo ara wọn nínú gíláàsì rẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá lọ ṣàlùwàlá. Ẹni tó bá rántí ló ń fi ọ̀kadà gbé wọn lọ Jímọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ méjì ni ẹnikẹ́ni ò rántí. Àwọn tó ń kọjá á ní, “Alhaji, ẹ kú ìnira ẹsẹ̀.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá Bàbá lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n dáwọ́ dúró.

“Rafíátù, ṣé ó dá ẹ lójú? Bóyá mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Gbogbo wọn kọ́ ló lè ṣì í wí.”

Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò àtijọ́, ẹ̀rọ yìí dára, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ ṣáà wo họ́ọ̀sì rẹ̀ kí ẹ tó wà á jáde. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, kí ẹ sì wà ní ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ sọ fún wọn pé kò tíì pé. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni ọ̀wọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ṣé wọ́n ti fi ọjọ́ orí bo àṣìṣe ẹlòmíì mọ́lẹ̀ nílé tiyín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mò ń kà á.

Mo sì mọ̀ pé wọn yóò ka èyí sétí àwọn tí mò ń bá wí.

Mufú, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ìgbà wo lo máa dìde lójú ilé, kí o ní họ́ọ̀sì ló bẹ́?

Bàbá Mọ́gàjí, ẹ ní ẹ gbà mí gbọ́. Kí ni kọ́kọ́rọ́ ṣì ń ṣe lọ́wọ́ yín?

Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Àìkú yẹn, èwo nínú yín ni yóò lọ bá bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó sọ fún wọn pé wọ́n tẹ̀ ẹ́?