Ẹ̀rọ Atọ́nà Tí Nawaf Rà fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Kò sí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún Wisal. Obìnrin tó ti ń gbé àwa tíṣà gun òkè Umm Qais láràárọ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà, tó mọ ajá ilé tó máa ń sáré tẹ̀lé mọ́tò, kí ló fẹ́ fi ẹ̀rọ atọ́nà ṣe? Ìbéèrè tó yẹ ká bi Nawaf nìyẹn lọ́jọ́ tó ti Kuwait dé pẹ̀lú ẹ̀rọ náà nínú páálí. A ò bi í. Ẹran Iléyá ló kún ẹnu wa.

Àbúrò Wisal ni Nawaf. Ẹ̀yìn Wisal ló dàgbà sí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ríṣẹ́ sí Kuwait, bó bá wálé, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló bí gbogbo wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bùn yín rèé," ló wí. "Kí ẹ má baà ṣìnà."

"Kí n ṣìnà lọ síbo?" Wisal ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó ra nǹkan kan fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó se mansaf fún Nawaf, ìrẹsì àti ẹran àgùntàn tó kún àwo fọ́fọ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà síwájú mọ́tò, ó sì ń fi aṣọ nù ún láràárọ̀ kó tó nu gíláàsì. Bí mo bá rántí aṣọ yẹn, inú á tún bí mi.

Ohùn obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Èmi tí mò ń jókòó níwájú ni mò ń gbọ́ ìjà òun àti Wisal.

"Yà sọ́tùn-ún," ni ẹ̀rọ á wí.

"Ọ̀tún wo? Inú oko ólífì Bàbá Shibli lo fẹ́ kí n yà sí? Orí ẹ dàrú!"

Orí ẹ̀rọ náà dàrú lóòótọ́. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì ààlà, àwọn ológun ń da ojú ọ̀run rú, kí ohun ìjà tó ń fò má baà mọ̀nà, ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì bọ̀ kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wa bó ṣe yẹ. Lọ́pọ̀ ọjọ́, bí a bá ti gun òkè báyìí, gbogbo fóònù wa á ní pápá ọkọ̀ òfurufú Beirut la wà, ní orílẹ̀-èdè mìíràn. A ti sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Tíṣà tó bá pẹ́ dé, a óò bi í pé ṣé bàálù rẹ̀ ni kò tètè gbéra. Ẹni tó wà ní Kuwait kò lè mọ yẹ̀yẹ́ yìí.

Nígbà tó yá, Nawaf bẹ̀rẹ̀ sí í pè lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ lọ ṣe ní ìlú Irbid lánàá?" Wisal rò pé Kais, ọmọ rẹ̀, ló ń rojọ́ fún un. Ó bú ọmọ náà pé ẹnu rẹ̀ ń jò. Kais búra títí, kò gbà á gbọ́. Kò mọ̀ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Nawaf ṣàdédé dé láti Kuwait. Kò yà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá Shibli ló gbà lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Bàbá tó bí wọn ti di olóògbé. Lẹ́yìn ìrun alásárì, àwọn méjèèjì wọlé wá bá Wisal. Aládùúgbò ni mí, mo wà ní ilé ìdáná rẹ̀, mò ń bá a ṣan ólífì. Ó bu kọfí kíkorò fún wọn.

Bàbá Shibli gba ife. Ó gbé e sílẹ̀.

Ọwọ́ mi dúró sínú omi. Lọ́dọ̀ wa, àgbà tó bá gbé kọfí rẹ sílẹ̀ láìmu ń bẹ̀ ọ́ fún nǹkan, kò sì ní fẹnu kàn án àfi tí o bá ṣe é. Tó bá dìde lọ tí ife ṣì kún, ojú tì ọ́ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọrọ ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀.

"Wisal, ọmọ mi," ni Bàbá Shibli wí, "gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yẹn fún àbúrò rẹ. Ẹ̀bẹ̀ mi nìyẹn."

"Kí ni mo ṣe, Bàbá?"

"Ó ní ibi tí ò ń lọ kò yẹ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà burú ju kí òun fẹnu òun pè é lọ."

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò! Mọ́tò yẹn ló ń bọ́ ilé, òun ló ń rán Kais ní yunifásítì. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ Wisal, á di ẹni tó ń ṣíjú wo Nawaf kó tó jẹun. Mo sì gbà pé ohun tí Nawaf ń wá gan-an nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Wisal kò jókòó. "Nawaf, fẹnu ẹ pè é."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ n..."

"Pè é!"

"Beirut!" Nawaf fò dìde. "Pápá ọkọ̀ òfurufú Beirut! Lọ́jọ́bọ̀, látàárọ̀ títí dọ̀sán! Ta lẹ lọ pàdé?"

Bàbá Shibli rọra yíjú sí i.

"Ọjọ́bọ̀ wo?"

"Èyí tó kọjá yìí, Bàbá."

"Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, èmi ni mo jókòó níwájú mọ́tò yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń fún òróró ló gbé mi lọ, lórí òkè níbẹ̀, tòun ti àpò ólífì mi. A ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi fún un tán. Èmi náà ti dé Beirut nìyẹn? Tèmi ti orúnkún tó ń ro mí yìí, mo wọ bàálù?"

"Fóònù mi ló sọ bẹ́ẹ̀..."

"Béèyàn bá ń sunkún, ṣe ló ń ríran! Gbogbo abúlé yìí ló ń lọ Beirut lójoojúmọ́ nínú fóònù wọn. O ò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. O kàn gbéra!"

Wisal ti gba fóònù náà. Ó rí àwòrán ọ̀nà wa, ó rí àmì pupa kékeré kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, níbi tó gbé mọ́tò sí. Ẹ̀rọ tó ń nù láràárọ̀ ló ti ń ròyìn rẹ̀ fún Nawaf.

"Ẹ̀bùn Iléyá," ló wí.

"Mò ń ṣọ́ yín ni, ẹ̀gbọ́n. Opó ni yín. Ayé ti bàjẹ́."

"Ò ń ṣọ́ mi? Ẹ̀yìn yìí ni mo fi pọ̀n ọ́! Èmi tí mo nu ikun nímú ẹ, èmi lo wá ń dọdẹ bí ẹran ìgbẹ́? Mo se mansaf fún ọ, Nawaf! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ! Mo pe ọmọ mi lónírọ́ nítorí ẹ!"

Ó yẹ kí Nawaf dákẹ́ níbẹ̀. Kò dákẹ́, aláìnítìjú.

"Ó dáa, ká fi ti Beirut sílẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà tó kọjú sí adágún ńkọ́? Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti já àwọn tíṣà sílẹ̀, mọ́tò á dúró síbẹ̀ pẹ́. Ta ló ń wá bá yín níbẹ̀?"

Èmi náà ò mọ̀ pé ó máa ń dúró níbẹ̀. Ohùn Wisal wá lọ sílẹ̀.

"Ẹkún ni mò ń sun níbẹ̀. Ẹkún ọkọ mi. Ilé yìí kéré, Kais á gbọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni láyé yìí. Ó ti wà nínú fóònù ẹ báyìí. Ṣé ó ti tó ọ?"

Bàbá Shibli gbé ife rẹ̀ nílẹ̀, kọfí náà ti tutù, ó mu ún tán, ó sì mi ife náà bí a ṣe ń mi ín tó bá ti tó wa.

"Mi ò tọrọ nǹkan kan mọ́," ló wí. "Ìwọ, lọ fọwọ́ ara ẹ yọ nǹkan burúkú yẹn."

Nawaf na ọwọ́ sí ife tirẹ̀. Wisal ti gbé e. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó da kọfí náà sídìí igi ólífì.

"Kò sí kọfí fún ọ nílé mi."

Mi ò rí i rí kí obìnrin wa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ìyá rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Nawaf yọ ẹ̀rọ náà, ó padà sí Kuwait. Àwọn kan lábúlé ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé àbúrò ni, kó dárí jì í. Kí wọ́n má sọ ọ́ létí mi.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a kọjá níbi tó kọjú sí adágún. Àwọn tíṣà yòókù ń sùn lẹ́yìn. Mo rọra bi í pé, "Ìyá Kais, ṣé ẹ ṣì máa ń dúró níbẹ̀?"

Kò yíjú síbẹ̀ rárá. Ojú ọ̀nà ló ń wò.

"Rárá," ló wí. "Wọ́n ti mọ ibẹ̀."